Púlọ́ọ̀gì Dúdú Lórí Òkè Ìdànrè

Ọkọ̀ náà wà lórí òkè Ìdànrè, níbi tí ọkọ̀ kankan kò lè dé. Mo mọ̀ pé kò lè dé ibẹ̀, torí àtẹ̀gùn ni èèyàn ń gùn lọ sí ìlú àtijọ́ tó wà lókè náà, àtẹ̀gùn tó máa ń jẹ́ kí n kùn sí ọkọ mi ní gbogbo ìgbà tó bá mú mi lọ wo ilé bàbá ńlá rẹ̀. Síbẹ̀, ibẹ̀ ló wà, nínú àgbàlá ilé kan tí òrùlé rẹ̀ ti wó, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gúnlẹ̀ sórí àpáta, bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kùrukùru bo gbogbo ìsàlẹ̀, mi ò rí ilé kan ṣoṣo ní Ìdànrè tuntun. Ìmọ́lẹ̀ wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n mi ò rí oòrùn. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ta ló máa bá mi wà á sọ̀kalẹ̀ báyìí, torí mo gbọ́dọ̀ gbé Fèyí ọmọ mi lọ sí iléèwé lọ́la.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró páǹpù. Fíì. Fíì. Fíì. Páǹpù kẹ̀kẹ́ ni. Láyé mi, ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó máa ń fi páǹpù kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Akínlọlá ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ mi ni. Ilẹ̀ ló máa ń wọ̀n, Sọ́féyọ̀ ni wọ́n ń pè é káàkiri Àkúrẹ́, ó sì ti kú láti ìgbà òjò èṣí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Kì í ra bàtà tuntun títí tí èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á fi lanu, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọkọ̀ yìí, ìnáwó kì í dùn ún.

Ọkọ̀ náà kéré lójú. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Tó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ máa rò pé ọkọ̀ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fi tọ́bò sára ẹ́ńjìnì rẹ̀, ìyẹn ohun tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn wọnú rẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Tí ọkọ mi bá tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ní ìdájí, ẹ̀yìn mi á lẹ̀ mọ́ ìjókòó, èmi á máa ké pe Jésù, òun á máa rẹ́rìn-ín. Ìyẹn kò tó o, ó tún gbé e lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan l'Ékòó kó bá òun tún un tò, kó lè le ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa eré sísá. Ọwọ́ ọkọ mi ni mo máa ń wò. Tó bá ń tọ́jú ọkọ̀ yẹn, kì í kánjú, kì í bú u, kì í sọ sípánà sílẹ̀ gbàgà. Á tò wọ́n sórí aṣọ ìnura àtijọ́ kan bí ẹni ń to abọ́ oúnjẹ sílẹ̀ fún àlejò. Èmi á gbé àga síta, á dà bí ẹni pé ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mò ń màákì, bẹ́ẹ̀ òun ni mò ń wò. Ó wù mí kí n ní sùúrù tó ní.

Nígbà tó kú, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ náà. Àwọn èèyàn ní ọkọ̀ ọkùnrin ni. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò sí mọ́, ọmọ sì gbọ́dọ̀ dé iléèwé. Kò pẹ́ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Tí mo bá ṣí i láàárọ̀, á gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Tí a bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọjà Ọba, á wúkọ́, á fẹ́ kú, á tún sọjí. Gàníyù, mẹkáníìkì tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀, yọ àwọn púlọ́ọ̀gì rẹ̀, àwọn nǹkan kékeré tó máa ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnì. Gbogbo wọn ti dú bí ìdí ìkòkò.

"Ìyá Fèyí, ẹ́ńjìnì yìí ti ń mu ọ́ìlì," ló wí. "Wọ́n máa ní láti tú u palẹ̀ ni."

Mo ní kó má tíì tú nǹkan kan. Mo ṣe bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Mo gba ọ̀kan nínú àwọn púlọ́ọ̀gì náà, mo dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Alàgbà Ọlátẹ́jú tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, mo gbé e kalẹ̀ níwájú wọn, mo ní, "Irú èyí gan-an ni kẹ́ ẹ fún mi." Wọ́n yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ wò, wọ́n ní kì í ṣe èyí tó máa ń wà lára irú ọkọ̀ yẹn, wọ́n sì bi mí pé ọ̀nà wo ni mo máa ń rìn. Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tí ọkọ mi fi sí i ni mo fẹ́." Wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n bá mi rí i. Ọkọ̀ náà ṣe dáadáa fún ìgbà díẹ̀, àwọn púlọ́ọ̀gì tún dú. Mo tún ra irú rẹ̀. Wọ́n tún dú. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ra òmíràn, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi pé ó ní kí n fẹ́ ọkọ míì.

Bọ̀ọ̀dá Akínwándé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni kò lè gbà á mọ́. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kú sí mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, tí èmi àti ọmọ dúró sínú oòrùn, àwọn ni wọ́n wá gbé wa. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ìyàwó, jẹ́ ká tà á. Ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀ ti lọ." Wọ́n ti rí ẹni tó máa rà á. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló ń bọ̀ wá gbé e. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ tà á. Gbogbo aṣọ Akínlọlá ni a ti pín. Ọkọ̀ yẹn nìkan ló kù tí mo lè fọwọ́ kàn láràárọ̀ tí ọwọ́ tirẹ̀ náà ti kàn láràárọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni: mo ti ń gbádùn wíwà á. Tí ọ̀nà bá dá, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, inú mi máa ń dùn, ìtìjú a sì mú mi pé inú mi ń dùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìyẹn. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jẹun, mo fi ẹ̀yìn ti àga gígùn ní pálọ̀ tòun ti aṣọ ìsìn lára mi, mò ń ronú nípa àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé mi, tí mo fi bá ara mi lórí òkè, tí mò ń gbọ́ páǹpù kẹ̀kẹ́.

"Bàbá Fèyí," ni mo pè é.

Kò yíjú sí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun àti ṣòkòtò kàkí tó gé dé orúnkún. Ọrùn rẹ̀ ti kún padà. Nígbà tó ń ṣàìsàn, ọrùn yẹn ló máa ń pa mí lẹ́kún jù.

"Dúró ná," ló wí jẹ́jẹ́. "Iyanrìn wà nínú ihò yìí. Tí mo bá yọ púlọ́ọ̀gì báyìí, inú ẹ́ńjìnì ló máa bọ́ sí."

Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò náà. Fíì. Fíì. Èèyàn kú, ó padà wá, iyanrìn ló kọ́kọ́ sọ fún mi! Inú bí mi, inú mi sì dùn. Mo di ara ọkọ̀ mú. Irin rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé.

Ó fi páǹpù sílẹ̀. Ó tú kọ́ìlì tó bo orí púlọ́ọ̀gì, ó fà á sókè, ó tò ó sórí aṣọ ìnura. Ó ki sípánà gígùn bọ inú ihò, ó sì yí i. Irin kò han. Ohunkóhun kò dún lórí òkè yẹn àyàfi èémí mi. Ó fa púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ jáde, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó di ojú kan bó ṣe máa ń ṣe, ó ń wò ó. Mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń di ojú kan. Báwo ni mo ṣe lè gbàgbé ìyẹn?

"Wá wò ó," ló wí.

Mi ò wò ó. Mo ti mọ̀ pé ó dú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara mi bí ọmọ tó fọ́ àwo. "Irú èyí tẹ́ ẹ fi sí i gan-an ni mo rà. Nọ́ńbà kan náà. Mi ò yí nǹkan kan padà. Ẹ bi Alàgbà Ọlátẹ́jú."

"Mo mọ̀. Na ọwọ́ rẹ."

Mo nà án. Ó gbé púlọ́ọ̀gì náà lé àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ kan ọwọ́ mi díẹ̀. Kò tutù, kò gbóná, ọwọ́ rẹ̀ lásán ni.

"Fi àtàǹpàkò pa á lórí."

Mo pa á. Dúdú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ṣé ó ń yọ̀?"

Mo fi ìka méjì ra á. "Kò yọ̀. Ó gbẹ. Bí èédú."

"Èédú náà ni. Tó bá jẹ́ ọ́ìlì ni, á máa yọ̀ lọ́wọ́ rẹ, á sì máa dán. Ẹ́ńjìnì yìí kò mu ọ́ìlì. Ara rẹ̀ le."

"Gàníyù ní kí wọ́n tú u palẹ̀!"

"Gàníyù mọ iṣẹ́. Ojú lásán ló fi wò ó, iṣẹ́ ló pọ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Má bá a jà o, Àbẹ̀jẹ́. Mo mọ̀ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹlòmíì tó ń pè mí ní Àbẹ̀jẹ́. Ìyá mi tó sọ mí bẹ́ẹ̀ náà ti lọ. Mo ti fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ó ń bá iṣẹ́ lọ, mi ò sì fẹ́ kó dúró. Ó yọ èkejì, ó yọ ẹ̀kẹta, ó yọ ẹ̀kẹrin, ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe jókòó nínú ẹ́ńjìnì, kó lè mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Gbogbo wọn ló dú bákan náà. Ó mi orí bí dókítà tí ìròyìn rẹ̀ kò burú.

"Níbo lo máa ń gbé e lọ?" ló bi mí.

"Ibo ni mo fẹ́ gbé e lọ? Iléèwé Fèyí. Iléèwé tèmi. Ọjà. Ṣọ́ọ̀ṣì, tí a bá ní ìpàdé akọrin."

"Ṣé o máa ń dé Ọ̀rẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe l'Ọ́rẹ̀?"

Ẹ̀rín pa á. Ẹ̀rín rẹ̀ ti inú wá, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì ń gbọ̀n, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kùrukùru ìsàlẹ̀ mì díẹ̀.

"Èmi máa ń dé Ọ̀rẹ̀ kí oòrùn tó yọ," ló wí. "Mo máa ń dé Òkìtìpupa. Iná máa ń pọ̀ nínú ẹ́ńjìnì yìí tí mo bá tẹ̀ ẹ́ báyẹn. Púlọ́ọ̀gì tí mo fi sí i, ẹni tó ń sáré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Tí iná bá ti pọ̀ lára rẹ̀, kíá ló máa gbé ooru náà dànù kó má baà ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Púlọ́ọ̀gì tútù ni wọ́n ń pè é. Ìwọ wá ń rìn díẹ̀díẹ̀, o ń fo gegele, o ń dúró, ọkọ̀ kì í tíì gbóná tán tí o fi ń pa á. Ìwọ̀nba ooru tó ní, ó ti gbé e dànù. Kí ló fẹ́ fi jó èédú ara rẹ̀ kúrò?"

Mo wo dúdú tó wà lọ́wọ́ mi.

"Tí igi bá tutù, tí iná ò jó dáadáa, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìdí ìkòkò?"

"Á dú."

"Ó tán. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi nígbà yẹn. Ọkùnrin yìí mọ nǹkan, kì í sì í fi ohun tó mọ̀ gún èèyàn lójú. Nígbà ayé rẹ̀, tó bá ń ṣàlàyé irú nǹkan báyìí fún mi, á wá ohun tó wà ní ilé ìdáná mi fi ṣe àpèjúwe, kì í ṣe pé ó fojú kéré mi, ńṣe ló fẹ́ kí n dé ibi tí òun wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lórí òkè yẹn gan-an. Mo tún fẹ́ràn rẹ̀ ju ìgbà tó wà láyé lọ.

"Èwo ni kí n rà nígbà yẹn?" ni mo bi í. "Gàníyù ní tòkunbọ̀ kan wà, ojúlówó láti Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n ní ó dáa ju tuntun lọ."

Ó fún ẹnu pọ̀. "Tòkunbọ̀ dáa tó bá jẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Tó bá jẹ́ gíláàsì. Púlọ́ọ̀gì tí ẹlòmíì ti lò, tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha kó lè mọ́? Ṣóńṣó orí rẹ̀ kò ju ti abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n á ti ha á bàjẹ́. Má rà á. Tuntun ni kó o rà, lọ́wọ́ ẹni tó o mọ̀, nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Ìyẹn á gbóná díẹ̀ ju tèmi lọ, á máa fọ ara rẹ̀ mọ́ bó o ṣe ń lọ. Kó o sì ní kí Gàníyù bá ọ dá gbogbo ohun tí ọ̀rẹ́ mi tún tò l'Ékòó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Agbára tó kù á ṣì pọ̀ fún ọ. Èmi ni mo yí i padà."

"Ẹ̀yin lẹ yí i padà," ni mo wí, "ẹ wá fẹ́ kí n tú ohun tẹ́ ẹ ṣe."

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é. Ohun tó kù fún mi nìyẹn."

Ó mú àkísà, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan, títí dé èékánná. Ó wò mí. Láti ìgbà tí mo ti dé, ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ wò mí lójú.

"Àbẹ̀jẹ́, ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?"

Mi ò lè dá a lóhùn. Ó rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ṣí ilẹ̀kùn níbi ìjókòó awakọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀. Mo mọ ohun tó máa rí. Tìmùtìmù ló wà níbẹ̀, èyí tí mo máa ń fi sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ mi lè kan búréèkì, torí mi ò tíì sún ìjókòó náà síwájú rí. Ibi tí ó fi sí fún ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn ló ṣì wà. Díńgí náà wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Òrùlé ọkọ̀ ni èmi máa ń rí nínú rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ọrùn ni mo máa ń nà.

Ó mú tìmùtìmù náà dání, ó wò ó, ó wò mí. Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ̀yìn ò dùn ọ́ ni?" ló bi mí.

"Ó ń dùn mí."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Ó gbé tìmùtìmù náà sórí àpáta. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó fà á síwájú. Ó dún kà, kà, kà. "Jókòó," ló wí. Mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi bá búréèkì pàdé láìnà. Ó na ọwọ́ kọjá níwájú mi, mo gbọ́ òórùn ọṣẹ tó máa ń fi fọ ọwọ́, ó yí díńgí. "Sọ fún mi nígbà tó bá dáa."

"Ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀. Ó dáa."

Mo rí gbogbo ẹ̀yìn. Kùrukùru ti ń ká, mo rí òrùlé ilé nísàlẹ̀, mo rí ojú ọ̀nà pupa tó gba àárín wọn lọ.

Nígbà tí mo jáde, ó ti yọ púlọ́ọ̀gì tuntun láti inú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ṣóńṣó orí wọn ń tàn. Ó fi irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín wọ̀n àlàfo tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kó kan ṣóńṣó náà rárá. Ó wá mú rọ́bà kékeré kan, irú èyí tí epo máa ń gbà kọjá, ó fi ẹnu rọ́bà náà bọ ìdí púlọ́ọ̀gì, ó rọra gbé e wọ inú ihò, ó ń fi ìka méjì yí rọ́bà náà. Ó máa ń ṣe báyẹn nígbà gbogbo. Mo ti rí i tó ṣe é láìmọye ìgbà láti orí àga mi, mi ò bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í fi sípánà bẹ̀rẹ̀?"

"Sípánà lágbára jù. Tó bá wọ́, á fi tipátipá wọlé, á ba ojú ihò jẹ́. Rọ́bà kò lágbára. Tí púlọ́ọ̀gì bá kọ̀, rọ́bà á máa yí lásán ni, kò ní bà á jẹ́. Ó máa jẹ́ kó o mọ̀ pé o kò tíì bá ojú rẹ̀." Ó fi mẹ́ta sí i. Ó na rọ́bà sí mi. "Gba ìyókù."

Mo tẹ̀ síbẹ̀, mo yí i. Ó kọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, kò na ọwọ́. Mo gbé e sókè díẹ̀, mo tún gbé e kalẹ̀, mo yí i jẹ́jẹ́. Mo mọ ìgbà tó bá ojú ihò. Ara rọ́bà ló sọ fún mi. Ó ń wọlé, ó ń wọlé, ó dúró. Ìgbà yẹn ni ó tó gbé sípánà fún mi kí n fún un díẹ̀ sí i.

"Ó tó," ló wí. "O ti mọ̀ ọ́n."

Mo wọlé, mo ṣí i. Kò gbọ̀n. Ó kàn dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ọmọ tó sùn. Mo jókòó síbẹ̀, omijé ń dà lójú mi, mò ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ gíláàsì sísàlẹ̀.

"Ẹ wọlé, ká jọ sọ̀kalẹ̀."

Ó tẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé, ó gbé apá lé e. Ó mi orí, pé rárá.

"Ṣé ara yín yá níbi tẹ́ ẹ wà?"

"Ẹ̀jẹ̀ mi ò ru mọ́," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Sọ ọ́ fún wọn dáadáa." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu òrùlé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe tí mo bá fẹ́ rin ìrìn àjò. Mo na ọwọ́ kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mọ́mì! Mọ́mì, fóònù yín ń dún o."

Fèyí ló ń mì mí. Ọwọ́ mi ṣì nà síwájú, kò mú nǹkan kan. Pálọ̀ wa ni, fáànù ń yí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti wọlé láti ojú fèrèsé. Fóònù ti dákẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo wà. Orúkọ Bọ̀ọ̀dá Akínwándé ló wà lójú rẹ̀.

Mi ò pè wọ́n padà. Mo wọ sálúbàtà, mo bọ́ síta, mo ṣí búùtù ọkọ̀. Ọ̀rá tí mo máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ Alàgbà Ọlátẹ́jú wà níbẹ̀, àwọn púlọ́ọ̀gì àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Mo mú ọ̀kan. Mo fi àtàǹpàkò pa á lórí, mo fi ìka méjì ra dúdú náà títí.

Kò yọ̀. Ó gbẹ.

Mo fìdí lé ẹnu búùtù, tòun ti aṣọ ìsìn mi, mo sunkún dáadáa. Mi ò lè sọ fún yín pé ọkọ mi wá lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ló ti máa ń sọ lẹ́yìn bónẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo jókòó sórí àga pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbà mí lọ́kàn débi pé etí mi nìkan ló gbọ́ wọn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, etí mi ṣeun. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà, pé ta ló ń wa ọkọ̀ yìí, tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí nígbà ayé rẹ̀, torí kò sí ìdí fún un nígbà náà. Mi ò tíì dá a lóhùn. Mo lọ sí orí òkè, mo sọ̀kalẹ̀, mi ò dáhùn.

Fèyí gbé fóònù tẹ̀ lé mi jáde. Ó tún ń dún.

"Ẹ n lẹ́, sà," ni mo wí.

"Ìyàwó, o ṣeun. Ọkùnrin yẹn ní òun ò lè dúró di ọ̀la mọ́, ó ti wà lọ́nà báyìí. Ṣé ọkọ̀ Akínlọlá wà nílé?"

Mo wo ọkọ̀ náà. Eruku wà lára gíláàsì ẹ̀yìn, ẹnì kan ti fi ìka ya òdòdó sí i, mo mọ ẹni náà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, sà. Ẹ bá mi bẹ ọkùnrin náà kó padà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò bàjẹ́. Púlọ́ọ̀gì ẹni tó ń sáré ni mò ń fi rìn láàárín ìlú. Màá ra èyí tó bá ìrìn mi mu lọ́la." Mo gbé ọwọ́ lé òrùlé ọkọ̀ náà. "Ọkọ̀ mi ni, sà. Mi ò tà á."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ó dáa, Ìyàwó," ni wọ́n wí. "Máa wà á."